Nǹkan oṣù tó ń ṣe ségesège, tàbí tó lọ tí kò padà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn obìnrin Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti àwọn ìlú àyíká wọn máa ń béèrè jù, bó jẹ́ ní ilé ìwòsàn tàbí ní kẹ́místì.

Nǹkan oṣù mi dé ní ọjọ́ 2 oṣù yìí, ó tún dé ní ọjọ́ 29. Ẹ̀ẹ̀mejì nínú oṣù kan ṣoṣo! Àìsàn wo lèyí?

Kò sí àìsàn níbẹ̀. Ọjọ́ 27 ló wà láàárín méjèèjì, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà obìnrin tí tirẹ̀ ń dé láàárín ọjọ́ 21 sí 35 kò ní wàhálà. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lẹ́nu ẹ̀, tirẹ̀ lè tó ọjọ́ 45 nígbà míì. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dà fún ọjọ́ 2 sí 7, kò sí aburú nínú rẹ̀.

Nídìí ìṣirò lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ yọ ni ọjọ́ kìíní, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó dá. Ẹ kà á lọ títí di ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí òmíràn yóò yọ. Àwọn kan tún ń fi oṣù tí a fi ń ka ààwẹ̀ ṣírò lónìí, tó bá di oṣù tó ń bọ̀ wọ́n á fi kàlẹ́ńdà ara ògiri ṣe é, gbogbo rẹ̀ á wá dàrú. Iye ọjọ́ ni kí ẹ kà, ẹ má wo orúkọ oṣù rárá.

Ẹ mú ìwé kékeré tàbí fóònù yín, kí ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó dá, iye páàdì tí ẹ lò lójúmọ́, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù yẹn: òògùn, àìsàn, ìdánwò, ọ̀fọ̀, ìrìn àjò. Bí ẹ bá gbé àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta síwájú dókítà, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí mi ò rí nǹkan oṣù. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra Primolut N ní kẹ́místì, pé á fà á wálẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á. Òògùn họ́mónù ni Primolut N, norethisterone ló wà nínú rẹ̀. Oyún ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kódà bó bá dá yín lójú pé kò lè jẹ́ oyún. Ẹ ra PT strip (tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń yẹ oyún wò nínú ìtọ̀), kí ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára páálí rẹ̀. Ìtọ̀ àárọ̀, èyí tí ẹ kọ́kọ́ tọ̀ bí ẹ ṣe jí, ni kí ẹ lò. Ẹ ki strip náà bọ̀ ọ́ dé ojú ìlà MAX, kó má kọjá ibẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ kà á ní ìṣẹ́jú 5. Ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ má kà á sí. Ìlà méjì túmọ̀ sí oyún, bí ìkejì tilẹ̀ ṣe bàìbàì. Bí ìlà ẹ̀gbẹ́ C ò bá jáde, strip yẹn ti bàjẹ́, ẹ lo òmíràn. Bí oyún ò bá hàn, tí nǹkan oṣù ò sì dé, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí. Bí ẹ bá ń lo Primolut N lọ́wọ́, ṣe ló ń di ẹ̀jẹ̀ mú. Ìgbà tí ẹ bá dá a dúró ni awọ inú ilé ọmọ máa ń já wálẹ̀. Bó bá jẹ́ pé oyún ló wà níbẹ̀, kò ní já. Obìnrin á wá máa ra páálí kejì, á ra ẹ̀kẹta, ikùn á ti yọ kó tó mọ̀. Èyí tó burú jù ni oyún tó dúró síta ilé ọmọ. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn bá ń ro yín gan-an, tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí tí góńgó èjìká ń dùn yín láìsí pé ẹ gbé ẹrù, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni o, ì báà ṣe òru.

Bí kò bá sí oyún, ẹni tí tirẹ̀ ń dé déédéé tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ju oṣù mẹ́ta lọ kó tó rí dókítà. Ẹni tí tirẹ̀ ti máa ń ṣe ségesège tẹ́lẹ̀, kó má ju oṣù mẹ́fà lọ. Dókítà lè kọ medroxyprogesterone (òògùn họ́mónù tó jọ Primolut N), mílígíráàmù 10 lójúmọ́ fún ọjọ́ 5 sí 10. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tó bá parí, ẹ̀jẹ̀ á yọ bó bá máa yọ. Bó bá yọ, ó fi hàn pé estrogen (họ́mónù obìnrin) wà lára, ilé ọmọ ń jẹ́ ìpè, ọ̀nà rẹ̀ kò dí. Ẹyin ni kò já. Bí kò bá yọ, ìwádìí á jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó yọ yẹn ò tíì sọ ohun tó ń ṣe yín, ẹ má torí pé ẹ rí i kí ẹ má padà sọ́dọ̀ dókítà mọ́.

Ọmọ ọdún 24 ni mí, Òmù-Àrán ni mò ń gbé. Ó máa ń tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kí tèmi tó dé. Irun ń hù ní àgbọ̀n mi, ẹ̀yìn ọrùn mi dúdú, mo sì ń sanra. Wọ́n ṣe skáànù fún mi, wọ́n ní PCOS ni. Ṣé mi ò ní bímọ ni?

Fọkàn balẹ̀, àbúrò wa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní PCOS ló ń bímọ, àwọn míì láìlo òògùn kankan. Àìsàn họ́mónù ni PCOS: ẹyin tó yẹ kó gbó kó sì já lóṣooṣù ni kì í gbó tán, àwọn kéékèèké á wá kóra jọ sínú ilé ẹyin. Họ́mónù ọkùnrin, tí gbogbo obìnrin ní díẹ̀ nínú rẹ̀, á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, òun ló ń hu irun àgbọ̀n. Ọrùn tó dúdú ní tirẹ̀ ń sọ fún wa pé insulin (họ́mónù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀) ò ṣiṣẹ́ dáadáa lára rẹ. Má fi kànìnkànìn bó o, ìdọ̀tí kọ́.

Skáànù nìkan ò tó láti sọ pé PCOS ni, ó sì máa ń dùn wá tí wọ́n bá fi skáànù nìkan dẹ́rù ba ọmọbìnrin. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń wò: nǹkan oṣù tó ń pẹ́, họ́mónù ọkùnrin tó pọ̀, àti bí ilé ẹyin ṣe rí. Méjì nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé, lẹ́yìn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá ti fi hàn pé kì í ṣe thyroid (ẹṣẹ́ tó wà ní ọrùn, tó ń tú họ́mónù jáde), kì í sì í ṣe prolactin (họ́mónù tó ń mú ọmú sun). Béèrè bóyá wọ́n ṣe àwọn yẹn fún ẹ. Àti pé bó bá jẹ́ láàárín oṣù díẹ̀ ni irun náà ṣàdédé bò ẹ́, tí ohùn rẹ sì ń ki bíi ti ọkùnrin, ìyẹn kì í ṣe ìwà PCOS. Tètè lọ, kí wọ́n wò ó bóyá kókó kan ló ń tú họ́mónù jáde.

Ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ láti ara ìwọ̀n. Bí o bá wọn kílò 80, kílò 4 sí 8 tó bá kúrò lè mú kí ẹyin tún bẹ̀rẹ̀ sí í já. Má fi ebi pa ara rẹ, torí ebi àpajù fúnra rẹ̀ máa ń lé nǹkan oṣù lọ. Gé òkèlè àmàlà tàbí tùwó kù sí bí ìdajì, kí o fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin dí àyè rẹ̀. Dá mínírà dúró, kí o sì mu kúnnú àti sobo láìfi ṣúgà sí i. Fi ẹsẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.

Ohun tí a ò fẹ́ kó o fojú kéré ni awọ inú ilé ọmọ. Bí ẹyin ò bá já, awọ yẹn á máa nípọn sí i láìsí ohun tó ń já a wálẹ̀. Bó bá wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè di jẹjẹrẹ. Ìdí nìyẹn tí dókítà kì í fẹ́ kó ju oṣù mẹ́ta lọ láìsí ẹ̀jẹ̀. Ó lè fún ẹ ní òògùn ìfètò sọ́mọ bíbí oníhóró, tàbí progesterone (họ́mónù tó ń mú kí awọ náà já tí o bá dá a dúró) fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá fi metformin (òògùn tó ń ran insulin lọ́wọ́) kún un, oúnjẹ ni kí o fi gbé e mì, kí o bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n kékeré, torí ó máa ń da inú rú. Irun àgbọ̀n ò ní dín kù kí ó tó bí oṣù mẹ́fà. Fá a tó bá ń yọ ẹ́ lẹ́nu, fífá kì í mú un pọ̀ sí i. Nígbà tó o bá fẹ́ lóyún, òògùn wà tó ń mú ẹyin gbó, bíi letrozole. Kó tó dìgbà yẹn, má fọkàn tán kíka ọjọ́ láti fi dènà oyún. Ẹyin tí kò ní àkókò lè já nígbàkigbà.

Mo gba abẹ́rẹ́ ìfètò sọ́mọ bíbí olóṣù mẹ́ta fún ọdún méjì. Oṣù mẹ́fà rèé tí mo ti dá a dúró, nǹkan oṣù ò dé. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ ti dì sí mi nínú.

Ẹ bá wa fi sùúrù ṣàlàyé fún màmá: kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó dì. Abẹ́rẹ́ yẹn mú kí awọ inú ilé ọmọ fẹ́lẹ́ ni, kò sí ohun tí yóò já. Kò ba ilé ọmọ jẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó kúrò lára. Kó tó oṣù 9 tàbí 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìgbẹ̀yìn kí obìnrin tó lè lóyún, ó wọ́pọ̀. Ti ẹlòmíràn tó ọdún kan àtààbọ̀. Ẹ yẹ oyún wò, kí ẹ ní sùúrù. Bó bá pé ọdún kan tí ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 16, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́.

Ẹ mú un lọ lọ́sẹ̀ yìí. Bí ọmọ bá pé ọdún 15 láìrí nǹkan oṣù, tàbí ọdún 13 tí ọyàn ò tíì yọ rárá, ó ti tó àyẹ̀wò. Bí inú bá ń run ún lóṣooṣù láìsí ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ wà ńbẹ̀ tí ojú ọ̀nà dí. Iṣẹ́ abẹ kékeré ló sábà máa ń ṣí i. Ọmọ tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde sábà máa ń pẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà bó bá jẹ́ SS.

Mo fẹ́ gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì pé. Ṣé mo lè fi òògùn dá nǹkan oṣù dúró?

Norethisterone mílígíráàmù 5 ni wọ́n ń lò, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ń retí rẹ̀. Ọjọ́ 2 sí 3 lẹ́yìn tí ẹ bá dá a dúró, ẹ̀jẹ̀ á dé. Ẹ ti rí ibi tó ti ṣòro: ẹni tí tirẹ̀ ń ṣe ségesège kò mọ ọjọ́ tó ń retí. Sààrì sí ìṣínu tún jìnnà síra, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa kán tótó bí òògùn bá pẹ́ kó tó wọlé. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì fún rí lẹ́sẹ̀ tàbí ní ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí jẹjẹrẹ ọyàn, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀sìn ti yọ̀ǹda kí obìnrin san ààwẹ̀ rẹ̀ padà, nítorí náà a kì í rọ ẹnikẹ́ni láti lò ó fún ààwẹ̀. Ti Hájì yàtọ̀. Ẹ lọ rí dókítà ní oṣù méjì sí mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfúrufú.

Láti ìgbà tí mo bímọ, ní oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn, nǹkan oṣù ò dé. Ẹ̀jẹ̀ dà lára mi púpọ̀ lọ́jọ́ náà, ọmú mi ò sì sun.

Fífún ọmọ lọ́yàn máa ń dá nǹkan oṣù dúró, ṣùgbọ́n ọmú tiyín ò sun rárá. Ẹ̀jẹ̀ tó dà lè ti pa ẹṣẹ́ kékeré (pituitary) tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ lára, òun ló ń pàṣẹ fún ọyàn, ilé ẹyin àti thyroid. Ó máa ń rẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, òtútù á máa mú un, irun abẹ́ rẹ̀ á máa re. Ẹ má fi falẹ̀. Ẹ sọ ìtàn ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ náà fún dókítà, kí ẹ sì béèrè fún àyẹ̀wò cortisol (họ́mónù tó ń jẹ́ kí ara kojú wàhálà) pẹ̀lú ti thyroid, torí bí cortisol bá lọ sílẹ̀, òun ni wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú kí wọ́n tó fún yín ní òògùn thyroid.

Àgbo ń kọ́?

Títí ẹ ó fi mọ̀ pé kò sí oyún, ẹ má mu ún. Ẹ má mu èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ. Bí ẹ bá ti mu ún, ẹ sọ fún dókítà láìbẹ̀rù.

Báwo ni mo ṣe máa múra àyẹ̀wò?

Ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n á kọ ìwé sí UITH (ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin) ní Ìlọrin bó bá gba bẹ́ẹ̀. FSH àti LH (họ́mónù méjì tó ń pàṣẹ fún ilé ẹyin), ọjọ́ 2 sí 5 nǹkan oṣù ló dára jù. Bí kò bá dé rárá, ọjọ́ kọ́jọ́. Ti prolactin, ẹ lọ láàárọ̀, wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá jí, ẹ jókòó sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, kí ẹ má sì tẹ ọmú yín láti wò ó bóyá omi ń jáde. Bí omi bíi wàrà bá ń jáde lọ́mú, tí orí ń fọ́ yín tàbí tí ojú ń ṣú, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Ẹ kó gbogbo òògùn tí ẹ ń lò dání, títí kan òògùn èébì bíi metoclopramide àti òògùn ọpọlọ, torí wọ́n máa ń gbé prolactin sókè. Fún skáànù tí wọ́n ń ṣe lórí ikùn, ẹ mu bíi lítà omi kan ní wákàtí kan ṣáájú, ẹ má sì tọ̀ títí wọ́n á fi ṣe é tán.