Bí a ṣe ń tọpa zooplankton lẹ́nu odò láti ìgbà òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn

Bu omi díẹ̀ lẹ́nu odò, níbi tí igi mangrove ti ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀, kí o gbé e sínú ìmọ́lẹ̀. Ojú lásán ò ní rí ju ìdọ̀tí lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá fi àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré gan-an sẹ́ garawa mẹ́wàá nínú omi kan náà, ohun tó kù nínú àwọ̀n á máa ta kẹ́kẹ́ bí ohun tí wọ́n ń lé. Àwọn ni zooplankton, ẹranko wẹ́wẹ́ tí ìṣàn omi ń gbé kiri. Ọmọ akàn, ọmọ edé àti ọmọ ẹja máa ń wà láàárín wọn títí wọ́n á fi dàgbà díẹ̀. Ní ti copepod, ìbátan edé tó kéré gan-an, tó sì sábà máa ń pọ̀ jù lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé bẹ́ẹ̀ láti ìbí dé ikú. Ẹja kéékèèké tó sá sáàárín gbòǹgbò mangrove, zooplankton ló ń jẹ. Bí wọ́n bá dín kù, ebi dé nìyẹn.

Nílẹ̀ olóoru, gbígbóná omi kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti oṣù dé oṣù. Iyọ̀ inú rẹ̀ ló ń yàtọ̀. Bí òjò bá pọ̀, odò á ti omi òkun sẹ́yìn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, òkun á tún wọlé padà. Ẹranko tí ara rẹ̀ gba iyọ̀ á bá òkun wọlé, èyí tí ara rẹ̀ kò gbà á á bá odò sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, má ṣe kà wọ́n láìwọn iyọ̀. Ìdajì iṣẹ́ lásán ni.

Ohun tí o máa nílò

Àwọ̀n plankton ni olórí. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń lò jù ní ojú tó fẹ̀ tó 200 máíkírómítà, ìyẹn ìdá márùn-ún mílímítà kan. Ọmọ copepod tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́yin máa ń gba inú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, nítorí náà bí ó bá jẹ́ pé wọ́n wà lára ohun tí o fẹ́ kà, wá èyí tí ojú rẹ̀ wà láàárín 60 sí 80. Èyí tí o bá yàn, òun ni kí o lò títí ọdún yóò fi yí po. Lẹ́yìn èyí: garawa lítà mẹ́wàá, ìgò tó ní ìdérí, pẹ́ńsù, ẹ̀rọ tó ń wọn iyọ̀, tẹmọ́míta, àti máíkíróskóòpù. Èyí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 40 ti tó.

Yan ibi mẹ́ta

Ọ̀kan nítòsí òkun, ọ̀kan láàárín igbó mangrove, ọ̀kan lókè odò níbi tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní iyọ̀. Ibẹ̀ náà ni kí o máa lọ ní gbogbo ìgbà.

Jẹ́ kí òṣùpá yan ọjọ́ fún ọ

Níbí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, nítorí náà mo fẹ́ ká dúró díẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ etíkun, omi òkun ń kún ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láti ìkún kan dé èkejì sì tó wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25. Bí omi bá kún ní aago mẹ́jọ àárọ̀ òní, ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ó lè ti fà tán. Ìkún omi ń gbé ẹranko òkun wá, ìfà omi ń gbé ti òkè odò sọ̀ kalẹ̀, ní ibì kan náà, ní ọjọ́ kan náà. Èyí lè dà bí ìyípadà ìgbà lójú ẹni tí kò kíyè sí i.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń lọ, aago mẹ́jọ àárọ̀ gééré. Ọ̀sẹ̀ kan copepod kún fọ́fọ́, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òjò ló lé wọn. Ìgbà tí mo wo àkókò ìkún omi ni mo rí i pé omi kún ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì ti fà ní ọjọ́ kejì. Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ni mo ní láti tún ṣe. Ó dùn mí gan-an.

Ohun tí mo wá ń ṣe láti ìgbà náà nìyí: mo ń lọ ní ọjọ́ tí òṣùpá tuntun bá lé, mo sì ń lọ ní ọjọ́ tó bá di àrànmọ́jú. Láàárín méjèèjì bí ọjọ́ 15 ni, omi sì máa ń kún ní nǹkan bí aago kan náà ní ibì kan náà. Ó tún bá ìgbésí ayé copepod mu, nítorí pé nínú omi gbígbóná wọ́n lè dàgbà láti ẹyin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù lè fo ìran kan odindi. Má pa ọ̀sán pọ̀ mọ́ òru o. Púpọ̀ nínú wọn máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi lọ́sàn-án, wọ́n á sì gòkè lálẹ́.

Wọn omi, kí o tó bu ú

Omi òkun ní iyọ̀ tó bíi gíráàmù 35 nínú kílò kan; omi odò tó mọ́ kò tó ìdajì gíráàmù. Wọn ti òkè omi, wọn ti ìsàlẹ̀. Omi iyọ̀ wúwo, ó máa ń yọ́ wọlé lábẹ́ omi òjò, tó fi jẹ́ pé òkè omi á dùn lẹ́nu nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì jẹ́ ti òkun.

Sẹ́ ẹ

Fi garawa bu omi lẹ́ẹ̀mẹwàá, máa rọra dà á sínú àwọ̀n. Lítà 100 nìyẹn. Àwọn tó ní ọkọ̀ lè fa àwọ̀n lẹ́yìn rẹ̀: èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, bí o bá fà á fún 100 mítà, omi tó gba inú rẹ̀ kọjá á sún mọ́ lítà 7,000. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, ẹrẹ̀ àti ewé mangrove tó ti jẹrà máa ń dí ojú àwọ̀n, omi á wá máa yà gba ẹ̀gbẹ́. Nígbà yẹn, garawa ni mo fọkàn tán.

Kí o tó pa wọ́n, wò wọ́n láàyè. Kán omi díẹ̀ sórí gíláàsì. Copepod máa ń dúró jẹ́ẹ́, lójijì á fò, ojú pupa kan ṣoṣo níwájú orí rẹ̀. Bí obìnrin Oithona, irú copepod kan, bá wà níbẹ̀, wàá rí àpò ẹyin méjì tó so mọ́ ọn lẹ́yìn bí ẹni tó gbé ẹrù sí ìhà méjèèjì. Ọmọ akàn ní ẹ̀gún gígùn lẹ́yìn àti ojú ńlá dúdú. Èyí tó mọ́ gaara bí abẹ́rẹ́, chaetognath ni. Ọdẹ ni, copepod ló sì ń jẹ.

Lẹ́yìn náà, fi fọ́málìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú ẹran jẹrà, sí i tí yóò fi di ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Májèlé ni fọ́málìn: wọ ìbọ̀wọ́, ìta gbangba ni kí o ti ṣí i, kí ọmọdé má sì sún mọ́ ọn. Pẹ́ńsù ni kí o fi kọ ọjọ́, ibi àti iyọ̀ sórí bébà, kí o sì fi bébà náà sínú ìgò gan-an. Omi kì í pa pẹ́ńsù rẹ́.

Kà wọ́n

Fi omi kún ohun tí o sẹ́ títí yóò fi di mílílítà 100. Rò ó pọ̀ jẹ́jẹ́, fa mílílítà 5, kí o ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi. Ká ní o rí copepod 40: ìlọ́po 20 rẹ̀ jẹ́ 800 nínú lítà 100, ìyẹn 8,000 nínú mítà kíúbíìkì kan (lítà 1,000). Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí o wá ìpíndọ́gba rẹ̀.

Ka ohun tí ọdún kọ

Ya ìlà iyọ̀ àti ìlà iye ẹranko sórí bébà kan náà. Lẹ́ẹ̀ẹ̀rùn, reti chaetognath, Paracalanus (copepod òkun kan) àti ọ̀pọ̀ irú ẹ̀dá òkun mìíràn. Bí òjò bá dé, rotifer àti cladoceran, ẹranko wẹ́wẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ti omi dídùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, oríṣi ẹ̀dá òkun á sì dín. Ọ̀pọ̀ irú Acartia, tí òun náà jẹ́ copepod, ṣì máa ń wà níbẹ̀, nítorí pé wọ́n gba iyọ̀ púpọ̀ àti díẹ̀ mọ́ra. Iye wọn lè wálẹ̀ nígbà tí odò bá ń sáré jù, torí pé omi ń gbé wọn lọ kí wọ́n tó bímọ tán. Má kánjú ṣe ìdájọ́ níbẹ̀. Tẹ̀ síwájú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí òjò bá rọlẹ̀: ohun aṣaralóore tí odò gbé wá á mú kí ewéko wẹ́wẹ́ inú omi pọ̀, àwọn copepod á jẹ ẹ́, ìlà tó ti wálẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.