Ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́ta: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú kíkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD ìmọ̀-ẹ̀rọ ní ọ̀nà ìwádìí

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìlọrin, ní Màlété àti ní Òmù-Àrán, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fi ọdún mẹ́ta po kankéré ní láàbù, tí kò lè sọ ìbéèrè tó ń wá ìdáhùn sí, àwa la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fi orí márùn-ún ìwé àbọ̀ ìwádìí (thesis) bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Ọ̀dà la fẹ́ kun yẹn, a ò tíì fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. "Mo fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń yan gàrí" kì í ṣe ìbéèrè. Ẹ bi í pé: kí ni a ò tíì mọ̀ nípa bí omi ṣe ń jáde lára ẹ̀gẹ́, tí ẹ̀rọ yìí máa fi hàn wá? Bí kò bá rí i sọ, kó má tíì ra irin.

Èyí tó ń dùn mí jù nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi eérú èèpo ìrẹsì po kankéré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á dà á sínú àpótí irin mẹ́ta, á yọ kúúbù mẹ́ta jáde, á rì wọ́n sómi fún ọjọ́ 28, á tẹ̀ wọ́n fọ́, á wá kọ ọ́ pé òun ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Rárá o. Ìkòkò ọbẹ̀ kan ló bù sí abọ́ mẹ́ta: bí iyọ̀ bá pọ̀, nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti pọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kó pò ó, kó sì máa wọn omi rẹ̀ lákọ̀tun nígbà kọ̀ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ ni kó má po gbogbo aláìléérú nígbà òjò, kó wá fi eléérú sígbà ọyẹ́. Ẹ mọ ọyẹ́ Ìlọrin: kí a tó bo kankéré, ojú rẹ̀ ti ń gbẹ. Á jẹ́ pé ojú ọjọ́ ló wọ̀n. Kó ṣẹ́ kèké lórí èyí tó máa ṣáájú. Iṣẹ́ oko ló bí ọgbọ́n yìí. Ibùdó ìwádìí àgbẹ̀ ní Rothamsted, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò tó sọ kèké ṣíṣẹ́ di ọ̀nà ìwádìí, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1919. Àgbẹ̀ Ọ̀fà náà sì mọ̀ pé igun oko kan lè lọ́ràá ju èkejì lọ.

SPSS àti MATLAB, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò? Kí wọ́n kọ́kọ́ fi bírò ya tábìlì òfìfo tí èsì máa wọ̀. Kí wọ́n sì mọ̀ pé p (iye tó ń sọ bó ṣe rọrùn tó kí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣèèṣì yọ bí kò bá sí ìyàtọ̀ gidi) tó kéré sí 0.05 kò sọ pé ìyàtọ̀ náà tóbi tó láti fi kọ́lé.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa gbé èsì tí kò wù wọ́n pamọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan yọ kúúbù kan kúrò nínú tábìlì rẹ̀ torí pé ó tètè fọ́. Mo ní kó lọ ṣa àfọ́kù rẹ̀ wá. Ojú ibi tó ti là la ti rí i pé eérú náà ṣù pọ̀ sójú kan, kò po dọ́gba. Láti ọjọ́ náà, bí eérú ṣe ń ṣù ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé.