Bí A Ṣe Lè Ya Fọ́tò Ológbò Nínú Ilé Kí Ìwà Rẹ̀ Lè Hàn

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò ológbò tí àwọn ènìyàn ń tọ́jú sórí fóònù wọn ló jọ ara wọn. Ẹranko náà jókòó, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó gbójú sókè, wọ́n sì yà á. Ẹni tí ó ni ín nìkan ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé ológbò tòun nìyẹn, nítorí kò sí ohunkóhun nínú àwòrán náà tí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti aládùúgbò. Ohun tí ó mú kí ológbò kan yàtọ̀ sí òmíràn ni ìṣe rẹ̀: ibi tí ó yàn láàyò fún oorun, bí ó ṣe ń na ìrù sókè nígbà tí ó bá gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọgbọ́n tí ó ń dá láti gba ẹja lọ́wọ́ ẹni, àti ohun tí ó máa ń sá fún. Àwọn ìṣe wọ̀nyí ni kí ẹ máa lépa. Bí ẹ bá mọ̀ wọ́n dáadáa, fóònù lásán yóò tó yín. Bí ẹ kò bá mọ̀ wọ́n, kámẹ́rà olówó ńlá kò ní ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀.

Ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ kan wo ológbò yín láì ya fọ́tò kankan. Ológbò àgbà máa ń sùn tó wákàtí 12 sí 16 lójúmọ́, ara rẹ̀ sì máa ń yá jù lọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ní ìrọ̀lẹ́. Kì í fi àṣà rẹ̀ ṣeré: èyí tí ó bá gun ojú fèrèsé láàárọ̀ yìí láti máa wo ẹyẹ, ó ṣeé ṣe kí ó tún gùn ún lọ́la. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀, pẹ̀lú aago àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ inú ilé náà léèrè, nítorí àwọn ló sábà máa ń mọ kọ̀rọ̀ tí ológbò ń lọ nígbà tí àwọn àgbà bá jáde. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà bá fi máa parí, ẹ ó ti rí ìṣe mélòó kan tí ó jẹ́ ti ológbò yín gan-an, ẹ ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ẹ máa retí wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tún ibẹ̀ ṣe kí ológbò tó dé. Ẹ kó bàtà, ike omi, wáyà ṣájà àti ọ̀rá kúrò nítòsí, nítorí ojú ènìyàn máa ń fo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nígbà tí ológbò bá ń ṣeré, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kì í fò wọ́n. Kí ẹ má sì kó gbogbo nǹkan tán. Ẹní tí ó ti fi èékánná ya, àga tí ó ti sọ di tirẹ̀, agbọ̀n aṣọ tí ó máa ń wọ̀ lọ sùn, gbogbo wọn jẹ́ ara ìtàn rẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n hàn. Ẹ lọ jókòó síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kí ẹ gbé fóònù lé orúnkún, kí ẹ sì ṣe bí ẹni pé nǹkan mìíràn lẹ ń ṣe. Ológbò tí a bá ń tẹ̀ lé kiri yóò sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí ó bá bá wa níbi tí a jókòó sí jẹ́jẹ́ yóò máa bá ìṣe rẹ̀ lọ.

Ìmọ́lẹ̀ ló gba ìrònú jù lọ, pàápàá nínú ilé tiwa. Kò sí iná tí ó dára tó fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kan ara ológbò, kí irun rẹ̀ lè hàn kedere, kí apá kejì sì ní òjìji díẹ̀. Bí fèrèsé bá wà lẹ́yìn ológbò, ìmọ́lẹ̀ ìta ni kámẹ́rà yóò tẹ̀ lé, ológbò yóò sì dúdú láìsí ojú láìsí imú. Bí ó bá wà lẹ́yìn ẹni tí ń ya fọ́tò, gbogbo ara ẹranko náà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti gíláàsì tí eruku ti bò máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù púpọ̀, nítorí náà ẹ nu gíláàsì, kí ẹ sì ká kọ́tìnì sẹ́yìn pátápátá. Láàárín aago 7 sí 9 àárọ̀ àti aago 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́, oòrùn ń wọlé ní ìdagẹ̀rẹ̀, kò sì le lójú. Ní ọ̀sán gangan, ẹnu ọ̀nà fàráńdà, níbi tí ìbòòji ti pàdé ìmọ́lẹ̀, sàn ju inú oòrùn lọ. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú ní ìgbà òjò kì í ṣe ọjọ́ tí ó bàjẹ́ fún iṣẹ́ yìí rárá, nítorí ìkùukùu máa ń tan ìmọ́lẹ̀ ká, ojú ológbò a sì mọ́ láìsí òjìji líle. Eruku ọyẹ́ náà máa ń dẹ ìmọ́lẹ̀, àmọ́ ó máa ń bo lẹ́ǹsì fóònù. Ẹ máa fi aṣọ rírọ̀ nù ún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tàbí tí wọ́n bá ti mú iná lọ, ẹ kọ ojú tọ́ọ̀ṣì tàbí láńtà alágbára sí ògiri funfun, kí ìmọ́lẹ̀ náà lè ta padà sí ara ológbò. Ẹ má ṣe tàn án sí i lójú. Ẹ pa fíláṣì pátápátá. Ẹ̀yìn ẹyinjú ológbò ní awọ kan tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tapetum lucidum. Awọ yìí ló ń ràn án lọ́wọ́ láti ríran nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò tó nǹkan, òun náà ló sì ń mú kí ojú rẹ̀ tàn yòò ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ìyeyè nínú fọ́tò tí a fi fíláṣì yà. Yàtọ̀ sí èyí, ìmọ́lẹ̀ òjijì máa ń já ológbò láyà, èyí tí a bá sì ti já láyà yóò máa fura sí fóònù.

Ìmọ́lẹ̀ tún ń yí ìrísí ojú rẹ̀ padà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, dúdú inú ẹyinjú náà máa ń fún di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dúró ṣánṣán, àwọ̀ ojú a sì hàn dáadáa. Nínú yàrá tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, tàbí nígbà tí eré bá wọ̀ ọ́ lára, dúdú náà a fẹ̀, a sì rí roboto. Ìrísí àkọ́kọ́ bá ológbò tí ó le lójú tí kò fẹ́ ìyọlẹ́nu mu, èkejì bá eléré mu. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwà tirẹ̀ ni kí ẹ yan wákàtí tí ó yẹ ẹ́.

Ẹ sọ kámẹ́rà kalẹ̀ dé ìwọ̀n ojú rẹ̀. Fọ́tò tí a dúró yà láti òkè máa ń fi orí ńlá àti ẹsẹ̀ kékeré hàn, ó sì ń jẹ́ kí gbogbo ológbò rí bákan náà. Ẹ dojú bolẹ̀ lórí ẹní, tàbí kí ẹ dorí fóònù kodò kí lẹ́ǹsì rẹ̀ lè sún mọ́ ilẹ̀. Walter Chandoha, ará Amẹ́ríkà tí a bí ní 1920 tí ó sì kú ní 2019, jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ yìí. Ní ìgbà òtútù ọdún 1949, ó rí ọmọ ológbò kan nínú yìnyín ní ìlú New York, ó gbé e lọ sílé, ó sì sọ ọ́ ní Loco. Eré tí ọmọ ológbò náà ń ṣe nínú ilé ló mú un wọ iṣẹ́ fọ́tò ológbò, ó sì ya ọ̀kẹ́ àìmọye wọn kí ó tó dákẹ́. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo àwọn fọ́tò rẹ̀ yóò rí i pé ó sábà máa ń sọ kámẹ́rà kalẹ̀ dé ibi tí ojú ológbò wà.

Ní ti fóònù, ẹ pa ohùn tí ó máa ń dún nígbà tí ẹ bá ń ya fọ́tò. Ẹ fi ìka kan ojú ológbò tí ó sún mọ́ yín jù lórí gíláàsì fóònù, kí ó lè mọ ibi tí yóò wò. Bí ẹ bá tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọ̀pọ̀ fóònù yóò ti ibẹ̀ mọ́, ẹ ó sì lè fi ìka fa ìmọ́lẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn dípò kí ẹ fi ìka méjì fa àwòrán tóbi, nítorí fífà bẹ́ẹ̀ ń ba kedere rẹ̀ jẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún ètò Portrait, èyí tí ń sọ ẹ̀yìn àwòrán di bàìbàì: ó máa ń ṣi irun gígùn ẹ̀gbẹ́ imú àti etí etí ológbò gé. Fún àwọn tí ó ní kámẹ́rà gidi, ẹ yan àkókò tí ojú kámẹ́rà yóò fi ṣí gba ìmọ́lẹ̀: ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú-àáyá tó fún ológbò tí ó jókòó, ìdá kan nínú 500 fún eyí tí ń ṣeré, àti ìdá kan nínú 1000 fún èyí tí ń fò. Ẹ má bẹ̀rù láti gbé ISO, ìyẹn ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, dé 3200 nínú yàrá; fọ́tò tí ó ní hóró-hóró díẹ̀ sàn ju èyí tí ó mì lọ.

Nínú gbogbo ìṣe ológbò, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìgbà tí ó bá rí ọmọńlé lórí ògiri. Yóò dúró gbagidi, etí rẹ̀ méjèèjì yóò kọjú síwájú, ìrù rẹ̀ yóò máa mì ní ṣóńṣó nìkan, àgbọ̀n rẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n tí eyín rẹ̀ yóò fi máa dún kẹ́kẹ́kẹ́. Yíyọ́ ẹkùn kì í ṣe ti ojo, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ológbò yìí: ìwà ọdẹ rẹ̀ ni ó ń hàn yẹn. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú àwòrán kí ọmọńlé náà lè wà níbẹ̀, kí ẹ sì máa yà á léraléra. Bí àgbọ̀n rẹ̀ bá ń gbọ̀n, fídíò kúkurú ni kí ẹ ká, nítorí fọ́tò kò lè gbé ìró náà.

Fún ológbò tí ó fẹ́ràn ibi tóóró, páálí òfìfo ti tó. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí fèrèsé, kí ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí yóò fi wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Èyí tí a bá fi ipá gbé wọ̀ ọ́ yóò jáde lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìbínú lójú. Fún eyí tí ń sáré àsápajúdé ní ìrọ̀lẹ́ láti pálọ̀ dé kíṣìnnì, ẹ yan ibì kan lórí ilẹ̀ tí ó máa ń gbà kọjá, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà ti wo ibẹ̀ mọ́, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà kí ó tó dé ibẹ̀. Èyí tí ó máa ń pàdé ará ilé lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìrù tí ó dúró ṣánṣán, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wọlé nígbà tí ẹ̀yin ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Ológbò sì máa ń yán nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, lẹ́yìn náà ni yóò na ara. Ẹni tí ó bá dúró tì í títí tí yóò fi jí yóò rí ẹnu tí ó là gbàgà yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ ojú tí ó fọkàn balẹ̀, ẹ wò ó, kí ẹ rọra pa ojú yín dé, kí ẹ sì rọra là á. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Sussex ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2020 fi hàn pé ológbò sábà máa ń dí ojú díẹ̀ padà sí ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí i, ó sì máa ń fẹ́ sún mọ́ ẹni náà. Bí ojú kámẹ́rà ni ẹ fẹ́ kí ó wò, ẹ fi ọ̀rá dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dákẹ́. Ìró tí ó bá pọ̀ jù kì í tún ní ìtumọ̀ sí i mọ́. Ẹja bíbọ̀ díẹ̀ lè jẹ́ owó iṣẹ́ rẹ̀, láìsí egungun, iyọ̀ tàbí ata, kí ó má sì ní àlùbọ́sà rárá, nítorí àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́.

Nígbà tí etí rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ orí, tí ìrù rẹ̀ bá ń na ilẹ̀, tàbí tí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ má ṣe wọ̀ ọ́ láṣọ tí ó ń há a mọ́, ẹ má sì gbé e sórí irin bákónì nítorí fọ́tò.

Ológbò dúdú gba àlàyé tirẹ̀, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá fún un nítorí ohun tí wọ́n gbọ́ nípa àjẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹwà irun rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ kò ṣeé fẹnu sọ tán. Kámẹ́rà máa ń gbìyànjú láti sọ ohun gbogbo di àwọ̀ tí ó wà láàárín dúdú àti funfun. Bí ológbò dúdú bá gba gbogbo àyè àwòrán, yóò sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú, nítorí náà ẹ fa ìmọ́lẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ funfun, ẹ fà á sókè. Ẹ má ṣe tẹ́ aṣọ dúdú fún ológbò dúdú. Àdìrẹ aláró tí ó ní funfun púpọ̀, tàbí ẹní lásán, yóò jẹ́ kí ara rẹ̀ yọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ jókòó yan àwọn fọ́tò náà, kí ẹ sì pa èyí tí kò wúlò rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ojú rẹ̀ hàn kedere, àmọ́ bí ìṣe rẹ̀ bá yọ dáadáa nínú èyí tí ó mì díẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀. Fọ́tò tí a bá fẹ́ tẹ̀ jáde ní íǹṣì 4 ní ìbú àti íǹṣì 6 ní gígùn nílò, ó kéré tán, píksẹ́lì (àwọn tóótòòtó àwọ̀ tí àwòrán fi ń hàn) 1200 ní ìbú àti 1800 ní gígùn kí ó tó dán mọ́rán. WhatsApp máa ń dín ìwọ̀n àwòrán kù nígbà tí a bá fi ránṣẹ́ lọ́nà tí a mọ̀, nítorí náà, bí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì.