Gírámà wà nínú orí àwọn ọmọ, kò sí nínú àròkọ wọn: ìbéèrè àti ìdáhùn fún tíṣà Gẹ̀ẹ́sì

Ìbéèrè tí àwọn tó ń kọ́ ọmọ bí ọdún 11 sí 14 ní Gẹ̀ẹ́sì máa ń béèrè ṣáá ni mo kó jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bó ṣe yé mi. Tí tiyín bá wà níbẹ̀ ẹ mú un lò, tí ò bá sí ńbẹ̀ ẹ fò ó.

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o. Àwọn ọmọ mi mọ̀ pé "he", "she" àti "it" máa ń mú kí ọ̀rọ̀-ìṣe gba "s", kódà bí mo bá jí wọn lóru wọ́n á kà á fún mi. Àmọ́ kí wọ́n ṣáà ti bẹ̀rẹ̀ àròkọ, "my brother go to school every day" ni wọ́n á kọ. Ṣé wọ́n ń fi mí ṣeré ni?

Ìdáhùn: Rárá o, wọn ò fi yín ṣeré. "S" kékeré yẹn wà lára àwọn nǹkan tó máa ń pẹ́ kó tó mọ́ ẹni tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lára. Ní 1974, Heidi Dulay àti Marina Burt wo àwọn ọmọdé tó ń sọ Sípáníìṣì nílé àti àwọn tó ń sọ èdè Ṣáínà, wọ́n sì rí i pé bí gírámà Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń wọlé sí wọn lára fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: "-ing" àti "s" tó ń sọ nǹkan di púpọ̀ ń tètè dé, "s" ti "she goes" ń bọ̀ lẹ́yìn. Tí ẹ bá rò ó dáadáa kò yani lẹ́nu, torí "s" yẹn ò fi nǹkan kan kún ìtumọ̀, "my brother" ti sọ ẹni tó ń lọ tán, ọmọ tó sì ń wá ohun tó máa kọ sí ìlà tó kàn ò ráyè tiẹ̀ rárá.

Torí náà ẹ má tún òfin yẹn kọ́ wọn mọ́, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Kí ẹ ya kíkọ sọ́tọ̀, kí ẹ ya yíyẹ̀wò sọ́tọ̀. Kí wọ́n kọ àròkọ wọn tán láìbìkítà nípa gírámà, lẹ́yìn náà ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú 5, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí wọ́n ṣe nínú ẹ̀: kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ olùwà gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e. Kọ́mà àti sípẹ́lì ò kàn wá lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀nà kejì, ẹ pín wọn ní méjì méjì, kí ọ̀kan sọ ohun tó máa ń ṣe láàárọ̀, "I wake up late, I hate cold water", kí ìkejì wá dìde sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì, "she wakes up late, she hates cold water". Wọ́n á máa fira wọn rẹ́rìn-ín, "s" á sì máa jáde lẹ́nu wọn láìmọye ìgbà.

Nǹkan kan ṣì ń bọ̀ o. Tí "s" bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, á wọ ibi tí ẹnikẹ́ni ò pè é, ẹ máa rí "does she goes" ẹ máa rí "he can goes", ẹ má jáyà, àmì pé ọ̀rọ̀ ń yé wọn ni. Ẹ kàn sọ fún wọn pé "s" kan ṣoṣo ló wà, "does" ti gbà á, kò ku nǹkan kan fún "go" mọ́. Ní ti "can", "must" àti "will", àwọn yẹn ò tiẹ̀ fẹ́ rí "s" sójú.

Ìbéèrè: Ọ̀rọ̀ tuntun 20 ni mo ń fún wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ń ṣe tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ Fúráìdè, wọ́n sì ń gba máàkì gan-an. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ méjì sí i, àfi bíi pé wọn ò rí àwọn ọ̀rọ̀ yẹn rí láyé wọn.

Ìdáhùn: 20 ti pọ̀ jù, Fúráìdè kan sì kéré jù. Láti 1885 ni ọmọ Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, ti tẹ ìwé jáde lórí bí ohun téèyàn há sórí ṣe ń sá lọ: kíákíá ní wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, tó bá yá ó wá ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń dá a dúró ni kéèyàn padà síbẹ̀ kó tó lọ tán. Àmọ́ irú ìpadà wo? Tí ọ̀pọ̀ wa bá ní ká ṣe rifíṣọ̀n, àwọn ọmọ á ṣí nóòtù wọn, wọ́n á máa ka ohun tó wà níbẹ̀ lọ bọ̀, ó sì máa ń jọ lójú wọn pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì dán an wò. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún ìwé kà ló ṣe dáadáa jù, àmọ́ nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n fi agídí rántí ló lé iwájú. Ẹ ò rí i pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín Fúráìdè yín àti ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gan-an nìyẹn.

Torí náà ẹ mú un wá sí 8, kò gbọ́dọ̀ ju 10. Bí kíláàsì bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ìwé ní pípadé, ẹ ka ìtumọ̀ mẹ́rin jáde kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tó bá a mu: ọ̀kan láti inú ti àná, ọ̀kan láti inú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, méjì láti inú ti oṣù tó kọjá. Kò lè gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ má sì gba máàkì ẹ̀ sílẹ̀ o, torí tí máàkì bá ti wọ̀ ọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wo ìwé ara wọn, ìrántí tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe ò ní wáyé.

Irú ọ̀rọ̀ tí ẹ mú tún ṣe pàtàkì ju iye ẹ̀ lọ, lójú tèmi. Èyí tí wọ́n ń gbọ́ lójoojúmọ́ bíi "happy" wọ́n á mọ̀ ọ́n láìsí yín, "photosynthesis" tíṣà sáyẹ́ǹsì á sọ ọ́ títí á fi sú wọn. Àwọn tó wà láàárín ló ń ṣubú, "require", "maintain", "significant", ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni ò dúró ṣàlàyé. Averil Coxhead to irú wọn jọ ní 2000, ìdílé ọ̀rọ̀ 570 ni (ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú àwọn tó jáde lára ẹ̀, bíi "require" àti "requirement"), èyí tí Michael West sì to ní 1953 ní nǹkan bí 2000 ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù. Ẹ má kó ìlísìtì yẹn lé àwọn ọmọ lórí ṣá, ẹ̀yin ni kí ẹ fi wò bóyá ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kọ́ wọn tọ́ sí àkókò yín.

Ìbéèrè: Mo máa ń ní kí wọ́n wo ìtumọ̀ nínú díkíṣọ́nárì kí wọ́n fi ṣe gbólóhùn. Gbólóhùn tí wọ́n ń mú wá ń kọ mí lóminú.

Ìdáhùn: Kì í ṣe tiyín nìkan. George Miller àti Patricia Gildea kọ nípa ẹ̀ ní 1987: ọmọ kan wo "erode" (bí omi ṣe máa ń jẹ ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀) nínú díkíṣọ́nárì, ó rí "eat out" níbẹ̀, ló bá kọ "Our family erodes a lot", torí pé ìdílé wọn máa ń jáde lọ jẹun níta. Ọmọ yẹn ò ya òpè o, ohun tí ìwé sọ ló tẹ̀ lé. Díkíṣọ́nárì wà fún ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀.

Ẹ yí i padà. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní gbólóhùn méjì mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú ẹ̀, kí àwọn fẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n rò pé ó jẹ́, ìgbà yẹn ni kí wọ́n tó ṣí díkíṣọ́nárì láti wò ó bóyá wọ́n gbà á. Tó bá wá di pé kí wọ́n kọ tiwọn, ẹ fún wọn ní ìdajì: "She was reluctant to ... because ...". Ẹni tó bá lè parí ẹ̀ ti gbọ́ ọ, ẹni tó bá sì kọ "She was reluctant to eat because she was very hungry" ti fi ibi tó ti sọnù hàn yín. Kí wọ́n sì máa kọ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ẹ̀ sínú nóòtù, kì í ṣe òun nìkan: "make a mistake", "do homework", "heavy rain". Kò sí òfin tó ṣàlàyé ìdí tí òjò fi jẹ́ "heavy" tí kì í ṣe "big", wọ́n kàn máa ń rìn pọ̀ ni.

Ìbéèrè: Yorùbá ni àwọn tèmi ń sọ nílé. "He" fún obìnrin, "she" fún ọkùnrin, "I go there yesterday". Wọ́n ní kí n fòfin de Yorùbá nínú kíláàsì.

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ jàre. "Ó" kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ fún "he", "she" àti "it" nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í sì í paradà nítorí àná, "mo lọ" náà ni, "àná" ló ń sọ ìgbà tó jẹ́. Ọmọ tó kọ "I go there yesterday" ti rò pé òun ti sọ ìgbà tán. Tí ẹ bá kọ méjèèjì sórí bọ́ọ̀dù ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn tí ẹ ní kí àwọn fúnra wọn wá ohun tó yàtọ̀, ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu, ìyàlẹ́nu yẹn á sì ṣe ju ìjìyà lọ. Fún "he" àti "she", ìtàn tó ní ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan nínú dára jù, kí wọ́n máa sọ ọ́ lẹ́nu, torí tí wọ́n bá pa á pọ̀ ìtàn á dàrú, ẹni tó ń gbọ́ á ní "ta ló gbá ta?"

Ìbéèrè: Bíró pupa ni mo fi ń sun, òun ni mo fi ń jí. Mo ń tún gbogbo àṣìṣe ṣe, àwọn ọmọ á wo máàkì nìkan wọ́n á pa ìwé dé.

Ìdáhùn: Ìjà ńlá wà lórí èyí láàárín àwọn onímọ̀. John Truscott kọ̀wé ní 1996 pé kí àwọn tíṣà pa àtúnṣe gírámà nínú àròkọ tì pátápátá, Dana Ferris dá a lóhùn ní 1999 pé ìyẹn ti le jù. Èmi ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn, àmọ́ mo mọ̀ pé ìwé tó pupa látòkè délẹ̀ kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan ju pé òun ò mọ̀wé lọ. Ẹ mú àṣìṣe irú kan, ó pọ̀ jù méjì, kí ẹ kéde ẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́. Dípò kí ẹ tún un ṣe, ẹ fi àmì kékeré sí etí ìlà tó wà, kí ọmọ wá a fúnra ẹ̀. Èyí tó bá lè túnṣe, ìkánjú ló fà á. Èyí tó bá wò títí tí ò rí nǹkan kan, ẹ̀kọ́ yín tó kàn nìyẹn. Máàkì kó má sì wọlé títí wọ́n á fi dá ìwé padà.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú fi gírámà sílẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n máa kàwé lásán?

Ìdáhùn: Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Steve Graham àti Dolores Perin kó ìwádìí jọ ní 2007 lórí kíkọ̀wé àwọn ọmọ kíláàsì 4 sí 12 (bí wọ́n ṣe ń ka kíláàsì ní Amẹ́ríkà), gírámà tí wọ́n dá kọ́ lọ́tọ̀ ò mú kí àròkọ dára, àmọ́ kí àwọn ọmọ máa so gbólóhùn kéékèèké pọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí àpẹẹrẹ: "The boy was tired. He had walked far. He sat down." Kí wọ́n sọ ọ́ di ẹyọ kan, ní ọ̀nà méjì tó yàtọ̀, kí wọ́n sì jiyàn èyí tó dùn jù létí. Gírámà pọ̀ nínú ìjiyàn yẹn, orúkọ ẹ̀ ni ẹ ò pè.

Ìbéèrè: "u", "2moro", "bcos" nínú ìdánwò ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìyẹn ò le. Wọ́n mọ èyí tó tọ́, ibi tí wọ́n wà ni wọn ò rò. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí ọ̀rẹ́ àti sí ọ̀gá ilé ìwé, ó tán.

Ìbéèrè: Wọn ò kì í lanu. Tí mo bá bi wọ́n ní nǹkan, gbogbo wọn á máa wolẹ̀.

Ìdáhùn: Ọjọ́ orí yẹn ni, ẹ̀rín ẹgbẹ́ ń bà wọ́n lẹ́rù ju tíṣà lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ èsì sílẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n, ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó pe orúkọ. Tí wọ́n bá sì ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ má kàn sọ èyí tó tọ́ lé e. Roy Lyster àti Leila Ranta rí i ní 1997, ní àwọn kíláàsì tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ ní Kánádà, pé irú àtúnṣe yẹn làwọn tíṣà ń lò jù, òun sì ni àwọn ọmọ kì í sábà fura sí. Ẹ bi í pé "he what?" kí ẹ dákẹ́ díẹ̀.

Ìbéèrè: Nínú kíláàsì kan náà, àwọn kan ń ka ìwé nípọn nípọn, àwọn kan ò lè ka ojú ewé kan já. Ta ni kí n tẹ̀ lé?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí "avoid" bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, kí àwọn kan so ó mọ́ àwòrán, kí àwọn kan parí "I avoid ... because ...", kí àwọn tó yára kọ ìpínrọ̀ tí "avoid", "unavoidable" àti "avoidance" wà nínú ẹ̀. Ẹ má fi orúkọ tàbí àwọ̀ sí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa mọ èyí tó jẹ́ ti olódo kí ẹ tó pín ìwé tán. Ẹ kó iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì kí oníkálukú mú èyí tó bá wù ú. Ọmọ tó bá sì ń mú èyí tó rọrùn ṣáá, ẹ fi ẹ̀ẹ̀kan mú èyí tó tẹ̀ lé e lé e lọ́wọ́, kí ẹ jókòó tì í fún gbólóhùn àkọ́kọ́.