Ẹ bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kówó jọ fún THON, ìkówójọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà ń ṣe nítorí àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ, kí ẹni tó dáwó tó kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ bi í pé níbo ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà ló máa ń dá iye tí òṣìṣẹ́ wọn bá dá: tó bá mú $50 wá, àwọn náà á fi $50 kún un. Owó yẹn kàn jókòó síbẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ò mọ̀. Ẹni tó dáwó fúnra rẹ̀ ló máa kún fọ́ọ̀mù iléeṣẹ́ rẹ̀, torí náà kó ṣe é lórí fóònù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. “Màá ṣe é tí mo bá délé” kì í sábà délé. Kó tọ́jú rìsíìtì. Àmọ́ ẹni tó ń dáṣẹ́ ṣe ò lè rí èyí gbà, ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu.