Bí Ẹ Ṣe Lè Pààrọ̀ Bátìrì Inú Dreamcast Láìba Ẹ̀rọ Jẹ́

Bí Dreamcast, ẹ̀rọ géèmù iléeṣẹ́ Sega, tó wà nílé yín bá ń béèrè ọjọ́ àti aago lọ́wọ́ yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án, bátìrì inú rẹ̀ ló ti kú. Kò yani lẹ́nu. Sega gbé ẹ̀rọ yìí jáde ní Japan ní November 1998, wọ́n sì dáwọ́ ṣíṣe é dúró ní 2001. Bátìrì tó bá ti wà níbẹ̀ láti ìgbà náà ti ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò bàjẹ́, nítorí náà ẹ má tíì gbé e fún oní-kóńdẹ̀mù.

Ẹ má sì bẹ̀rù pé ibi tí àwọn ọmọ gbá géèmù dé yóò parẹ́. Aago nìkan ni bátìrì yìí ń tọ́jú. Inú VMU, káàdì kékeré tí wọ́n ń kì bọ inú páàdì tí a fi ń gbá géèmù, ni géèmù tí a fi pamọ́ wà, kò sì nílò bátìrì kankan láti rántí rẹ̀. Bátìrì CR2032 méjì wà nínú VMU lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tó bá dá wà lọ́wọ́ ni wọ́n wúlò fún. Bí ẹ bá gbọ́ tó ké “píììì” nígbà tí ẹ tan ẹ̀rọ, àwọn yẹn ló kú. Sega Saturn, ẹ̀rọ géèmù Sega mìíràn, ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: bí ẹ bá yọ CR2032 tó wà lẹ́yìn rẹ̀, géèmù tó wà nínú ikùn rẹ̀ lọ nìyẹn, àfi bí ẹ bá ti kọ́kọ́ kó o sórí káàdì ìpamọ́.

Bátìrì wo ni kí ẹ rà?

ML2032 ni. Ẹ ka lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ewu wà. “20” túmọ̀ sí pé ó fẹ̀ tó mìlímítà 20, “32” sì ni nínípọn rẹ̀, mìlímítà 3.2. CR2032 náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, fóòtì 3 ni àwọn méjèèjì. Ọlọ́jà lè sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà o! Dreamcast máa ń ṣáájì bátìrì yìí nígbà tí ẹ bá tàn án. ML ń gba ṣáájì, CR kì í gbà á: yóò wú, yóò da omi sórí bọ́ọ̀dù, ó tiẹ̀ lè bẹ́. LIR2032 náà kọ́: ó ń gba ṣáájì, àmọ́ iná tó ń fẹ́ ga ju èyí tí ẹ̀rọ yìí ń fún un lọ.

Ẹ ra èyí tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ irin sí lára. Ẹ má ṣe jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ ara bátìrì lójúkojú láé, ooru náà yóò pa á. Èmi fẹ́ràn kí ẹ jó ilé bátìrì pẹlẹbẹ mọ́ bọ́ọ̀dù, kí ìpààrọ̀ ọjọ́ iwájú má gba iná mọ́. Àmọ́ kí ẹ fi bírò aláwọ̀ dúdú kọ “ML NÌKAN” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí ẹlòmíràn lè ṣí i lẹ́yìn yín.

Ṣíṣí rẹ̀

Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri àti lára ẹ̀rọ. Ẹ yọ módẹ́ẹ̀mù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí síkúrù kan fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹ dojú ẹ̀rọ dé, ẹ tú síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin abẹ́ rẹ̀, kí ẹ dá a padà sí ìdúró rẹ̀, kí ẹ sì gbé ìdérí rẹ̀ sókè. Bọ́ọ̀dù iná wà níta gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí díìsìkì ń yí. Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, ó lè ṣì di iná mú lẹ́yìn tí ẹ yọ wáyà.

Bátìrì wà lórí bọ́ọ̀dù kékeré iwájú, èyí tí a ń ki páàdì bọ̀. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ lè rántí ibi tí “+” kọjú sí. Ẹ rọra fa wáyà pẹlẹbẹ àti ti fáànù, ẹ tú síkúrù, ẹ gbé e jáde. Bí ẹ kò bá tíì jó lẹ́ẹ̀dì rí, ẹ gbé bọ́ọ̀dù kékeré yìí nìkan lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe, kí ẹ sì fún un ní ML tí ẹ rà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó padà, ẹ tún aago ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kó wà ní títàn fún wákàtí bíi mélòó kan kí bátìrì lè gba ṣáájì. Bí Dreamcast yín bá jẹ́ èyí tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, fóòtì 120 ni wọ́n ṣe é fún. Iná wa lè jó o, ẹ lo sìtẹ́pù-dáùn.

Ẹ fi sẹ́lótéèpù bo ojú méjèèjì bátìrì tó kú, kí ẹ má jù ú sínú iná, kí ẹ sì fi í síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Bí ọmọ bá gbé e mì, láàárín wákàtí méjì péré ló lè jó o ní ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ má dúró wò ó bóyá yóò yàgbẹ́ rẹ̀, ẹ má fi ìka mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú páálí bátìrì náà dání.