Bí mo ṣe to ìrìn àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan nínú ọkọ̀ ojú irin láti Florence

Ìlú kan ṣoṣo ni mo sùn sí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ìsinmi yẹn: Florence, ní Ítálì. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Pisa, Lucca, Siena àti Arezzo, tí mo sì ń padà wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà lálẹ́. Hòtẹ́ẹ̀lì tí mo gbà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí Santa Maria Novella, ibùdókọ̀ ojú irin tó wà láàárín ìlú. Ẹni tó bá lọ gba yàrá lẹ́yìn ìlú torí pé ó fi yúrò mélòó kan dínwó, bọ́ọ̀sì àárọ̀ àti ti alẹ́ ni yóò jẹ owó náà.

Ọkọ̀ àbọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wá. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo máa ń ṣí áàpù Trenitalia, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Ítálì, màá wo ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn láti ìlú tí mò ń lọ, màá wá fojú sí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ní wákàtí méjì. Bí ti aago mẹ́jọ bá já mi kulẹ̀, ti aago mẹ́wàá ṣì ń bọ̀. Ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ọlúdé ni kí ẹ ti ṣọ́ra, ọkọ̀ kì í pọ̀. Lára ìwé àkókò ọkọ̀ aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ibùdókọ̀ (yẹ́lò ni ti ọkọ̀ tó ń lọ, funfun ni ti èyí tó ń dé), àwòrán òòlù méjì tó dábùú ara wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ kan. Ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń rìn. Ọ̀rọ̀ tó bá a rìn ni *feriale*, ó sì máa ń tan àlejò jẹ torí ó jọ ọ̀rọ̀ ọdún àti àríyá. Ọjọ́ iṣẹ́ ló túmọ̀ sí, Sátidé sì wà nínú rẹ̀. *Festivo* ni Sọ́ńdè àti ọlúdé.

Oríṣi ọkọ̀ méjì ló wà. Frecciarossa àti Italo ni ọkọ̀ tó ń sáré gan-an: wọ́n ń yan ìjókòó fún yín, owó wọn sì ń gun òkè bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́lé. *Regionale*, ọkọ̀ tó ń dúró káàkiri àwọn ìlú itòsí, ni mo lò jù. Iye kan náà ni, bóyá ẹ rà á lónìí tàbí oṣù tó kọjá. Florence sí Pisa sún mọ́ yúrò 10, nǹkan bíi wákàtí kan ló sì ń gbà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ra páàsì, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Páàsì Interrail wà fún àwọn tó ń gbé ní Yúróòpù, títí kan àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Eurail ni ti ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà tàbí Amẹ́ríkà. Fún ìrìn kúkúrú báyìí, àdánù ni méjèèjì.

Tíkẹ́ẹ̀tì ló ń kó èèyàn sí wàhálà jù. Bí ẹ bá ra ti pépà fún *regionale*, ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ògiri tàbí òpó nítòsí ojú irin. Ẹ ti etí tíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á dún gìrì, á sì tẹ déètì àti aago sí i. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí ẹ̀rọ tí tàdáwà rẹ̀ ti gbẹ a máa dún láì tẹ nǹkan kan. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mo máa ń fi bírò kọ déètì, aago àti orúkọ ibùdókọ̀ sí i, màá sì lọ bá òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ fúnra mi kó tó débi ìjókòó mi. Wákàtí mẹ́rin ni tíkẹ́ẹ̀tì náà fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá wọlé láì tẹ̀ ẹ́ á san owó ìtanràn, bí owó ọkọ̀ tiẹ̀ ti pé. Ti orí fóònù náà ní tirẹ̀: kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ wò ó nínú áàpù bóyá ó kù kí ẹ tẹ *check-in*, ìyẹn bọ́tìnì tó ń fi hàn pé ẹ ti ń lo tíkẹ́ẹ̀tì náà. Orúkọ yín ló wà lára rẹ̀, wọ́n sì lè béèrè ìwé ìdánimọ̀, nítorí náà ẹ kọ orúkọ náà bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà gan-an.

Nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan lè yọjú pé òun fẹ́ ràn yín lọ́wọ́. Ẹ dá a lóhùn pé rárá. Owó ni yóò béèrè.

Pisa àti Lucca ni mo pa pọ̀ sí ọjọ́ kan, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sì ni mo rà láàárọ̀ ọjọ́ náà: Florence sí Pisa Centrale, Pisa San Rossore (ibùdókọ̀ mìíràn ní Pisa) sí Lucca, Lucca sí Florence. Lórí pátákó, ẹ má wá orúkọ Pisa. Ibi tí ọkọ̀ ń parí sí ni wọ́n ń kọ gàdàgbà, ó sì lè jẹ́ Livorno. Ti Lucca lè jẹ́ Viareggio, ti Arezzo lè jẹ́ Roma. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni kí ẹ fi wé èyí tó wà nínú áàpù. *Binario* ni nọ́ńbà ojú irin tó ti máa gbéra, *rit.* sì ni iye ìṣẹ́jú tó fi pẹ́.

Láti Pisa Centrale, mo fẹsẹ̀ rìn gba Corso Italia, mo sọdá odò Arno, mo sì dé ọ̀dọ̀ ilé ìṣọ́ gíga tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tí àwọn àlejò ń wá wò ní Pisa, láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wákàtí kan àtààbọ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ mi máa dé ni mo gba àkókò gígun ilé náà sí, torí wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gbé báàgì gòkè, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi pa mọ́ síbi tí wọ́n ń tọ́jú ẹrù. Àṣìṣe ọ̀pọ̀ àlejò ni pé wọ́n á tún rìn padà sí Centrale. San Rossore wà nítòsí ilé ìṣọ́ náà, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ọkọ̀ Lucca sì ń dúró níbẹ̀. Ìrìn ọkọ̀ náà dé Lucca kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ní Lucca, ẹ yá kẹ̀kẹ́ kí ẹ fi yí orí odi ìlú ká. Ó ju kìlómítà mẹ́rin lọ díẹ̀, ó sì tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Siena yàtọ̀. Ojú irin ẹyọ kan ló wà ní apá tó pọ̀ jù láàárín Empoli àti Siena, nítorí náà bí ọkọ̀ kan bá pẹ́, èyí tó ń bọ̀ lódìkejì gbọ́dọ̀ dúró dè é. Ibùdókọ̀ ibẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ òkè, jìnnà sí àárín ìlú. Bọ́ọ̀sì ni mo gbà lọ. Ẹ̀gbẹ́ Santa Maria Novella ló ti ń gbéra, ó sì já mi sílẹ̀ ní Piazza Gramsci, tó sún mọ́ àárín Siena. San Gimignano, ìlú kékeré kan lágbègbè yẹn, kò tiẹ̀ ní ọkọ̀ ojú irin: ẹ sọ̀ ní Poggibonsi, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì.

Ní àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, ilẹ̀kùn kì í ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ nígbà tí iná rẹ̀ bá tàn.

Ìyanṣẹ́lódì, *sciopero*, kì í wọ́n ní Ítálì, ọjọ́ Ẹtì ló sì sábà máa ń bọ́ sí. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú. Ní ọjọ́ iṣẹ́, òfin sọ pé àwọn ọkọ̀ *regionale* kan gbọ́dọ̀ rìn láti aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀, àti láti aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án alẹ́. Bí ọjọ́ yín bá bọ́ sí i, ẹ jáde ní aago méje, kí ẹ sì padà lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ má fọkàn tán ọkọ̀ aago márùn-ún, kódà bó bá ṣì wà lórí pátákó.